Fọ́tò ìgboro: Èrè ń bẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ojú ẹsẹ̀

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òwe yìí bá àwọn oníṣẹ́ fọ́tò mu gan-an lásìkò yìí. Láti ìgbà tí kámẹ́rà ti wà lára fóònù, ọ̀pọ̀ oníbàárà tó máa ń wá ya fọ́tò ọjọ́ ìbí tàbí ti ọdún ní ṣọ́ọ̀bù ti ń ya ara wọn. Àwọn tó ń ya fọ́tò lóde àríyá, tí wọ́n á sáré lọ tẹ̀ ẹ́ jáde kí àlejò tó lọ sílé, náà mọ̀ ọ́n lára.

Ìdí nìyí tí àwọn kan nínú wọn fi ń gbé kámẹ́rà jáde sí ìgboro. Ohun tó ń fà wọ́n kò ṣòro láti mọ̀. Ìgboro kò gba owó ṣọ́ọ̀bù, kò sì nílò jẹnẹrétọ̀. Ní Balógun, ní Òṣòdì, ní Dùgbẹ̀, ohun tó tó yà kò wọ́n: alágbàrù tó gbé ẹrù tó ga jù ú lọ, ìyá tó ń ka owó lábẹ́ agbòjò, kọ̀ńdọ́ tó rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà dánfó.

Ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ kì í yá. Akinbode Akinbiyi, tí wọ́n bí ní 1946, ti ń ya fọ́tò láti àwọn ọdún 1970. Ẹsẹ̀ ló fi ń rin ìgboro Èkó àti àwọn ìlú ńlá mìíràn, pẹ̀lú kámẹ́rà onífíìmù Rolleiflex. Fíìmù kan kò ju fọ́tò 12 lọ, nítorí náà kò sí àyè ìyàkuyà. Àyà ni wọ́n ń gbé kámẹ́rà náà sí, ẹni tó ń yà á á tẹrí ba wò ó láti òkè. Kì í nà án sí èèyàn lójú bí ìbọn. Logo Oluwamuyiwa ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó pè ní Monochrome Lagos ní 2013. Ní 2023, àwọn méjèèjì wà lára èèyàn méje tí ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà MoMA ní New York pàtẹ fọ́tò wọn. Ọdún mẹ́wàá ni ti ọ̀kan. Ti èkejì ń lọ sí àádọ́ta.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé kò sẹ́ni tó bẹ oníṣẹ́ náà níṣẹ́. Èkejì ni àwọn èèyàn fúnra wọn. Ìyá aláta á bèèrè pé ta ló rán an wá: ṣé káńsù ni, àbí ó fẹ́ lọ fi ìṣẹ́ òun ta ọjà lókè òkun? Agbèrò á ní kó mówó wá. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bínú sí ìyá aláta, òun ló ni ojú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìpolówó tó bá sì fẹ́ ra fọ́tò rẹ̀ yóò bèèrè ìwé ìyọ̀ǹda tó buwọ́ lù. Òfin Official Secrets Act ti 1962 náà tún ka yíya fọ́tò ibi tí ìjọba ń ṣọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀, bó bá jẹ́ fún ète tó lè pa ààbò orílẹ̀-èdè lára. Ẹni tó ń rìn nítòsí bárékè gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ń kọ kámẹ́rà sí.

Ọgbọ́n tó yẹ kí onísọ́ọ̀bù kọ́ wà lọ́wọ́ olóògbé J. D. 'Okhai Ojeikere. Láti 1968 ló ti ń ya irun orí àwọn obìnrin, lójú pópó àti lóde àríyá. Síbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ tó ń mówó wọlé, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò tirẹ̀ ní 1975. Ní 2013, ọdún kan kó tó kú, fọ́tò rẹ̀ dé ìpàtẹ ńlá Venice ní Ítálì. Ṣọ́ọ̀bù ló bọ́ ilé, irun ló sọ ọ́ di olókìkí.

Nítorí náà, kí oníṣẹ́ fọ́tò má ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kó mú àdúgbò kan ṣoṣo, kó ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún un lọ́sẹ̀. Kó kí èèyàn kó tó gbé kámẹ́rà sókè. Bó bá ń padà lọ, kó tẹ ẹ̀dà kan jáde fún ẹni tó yà. Owó kékeré ni. Ìyá aláta tó gbé fọ́tò ara rẹ̀ kọ́ sí ìsọ̀ ni yóò bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí agbèrò bá di okùn kámẹ́rà rẹ̀ mú.