Ẹni Tó Ń Dá Sin Ẹlẹ́dàá Rẹ̀

Ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí, àlejò kì í pẹ́ dárúkọ ara rẹ̀ tán kí wọ́n tó bi í pé, "Ìjọ wo lẹ̀ ń lọ?" Tó bá jẹ́ Mùsùlùmí, wọ́n á fẹ́ mọ mọ́ṣáláṣí tó ti ń kírun Jímọ̀. Ẹni tó bá wá dáhùn pé òun kò sí nínú ìjọ kankan, àmọ́ òun ń jí gbàdúrà, òun ń gbààwẹ̀, òun sì mọ̀ pé Ẹlẹ́dàá ń bẹ, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti fa wàhálà sọ́rùn ara rẹ̀. Ìyá á bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ nítorí ọmọ. Àbúrò bàbá á ní ìwé òyìnbó ló yí i lórí. Ọ̀rẹ́ á máa sọ lábẹ́lẹ̀ pé ó ti wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn.

Nínú gbogbo ẹ̀sùn wọ̀nyí, ti òyìnbó ló jìnnà sí òótọ́ jù. Kí òyìnbó tó gbé Bíbélì dé, ìsìn tí ènìyàn ń dá ṣe nínú yàrá ara rẹ̀, tí kò kan àwòrò, tí kò kan ẹgbẹ́, ti wà láàárín Yorùbá, wọn kò sì fi í ṣe ohun yẹpẹrẹ rárá.

Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kì í ṣe oníṣẹ̀ṣe. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni, Samuel Johnson, tó ṣiṣẹ́ ìwàásù ní Ọ̀yọ́, tó sì parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Ìwé náà kò jáde títí di 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Johnson ṣàlàyé pé kò sí ilé tí wọn kì í ti í bọ Orí, tọkùnrin tobìnrin. Owó ẹyọ 41 ni wọ́n ń so pọ̀ bí adé láti fi ṣe àmì rẹ̀, wọ́n á sì fi í pamọ́ sínú ilé orí, iṣẹ́ awọ tí wọ́n to owó ẹyọ sí lára yíká. Bí agbára ènìyàn bá ṣe mọ ni ilé orí rẹ̀ ṣe ń tóbi mọ. Òmíràn ń gba owó ẹyọ 12,000, ìyẹn ẹgbàá mẹ́fà, iye kan náà sì ni oníṣẹ́ awọ máa ń gbà lówó iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹni tó ni ín bá kú, wọ́n á tú ilé orí náà ká, wọ́n á sì ná owó ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ títú ká yẹn tó kí ènìyàn farabalẹ̀ rò ó. Ojúbọ Ògún kì í bá alágbẹ̀dẹ kú. Bí Ìyá Ọ̀ṣun kan bá papòdà, wọ́n á fi òmíràn jẹ. Àmọ́ ilé orí kò ṣeé jogún. Ọmọ kò lè gbé ti bàbá rẹ̀ kó máa bọ ọ́, bó ti wù kó lẹ́wà tó, nítorí àárín ẹnì kan ṣoṣo àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀ ni ohun tó wà nínú rẹ̀ wà. Àwùjọ tó lè ná ẹgbàá mẹ́fà owó ẹyọ sórí ìsìn ẹnì kan, tó tún ṣe tán láti tú u ká nígbà tí ẹni náà bá lọ, ti ronú jinlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìsìn àdáṣe ju bí ọ̀pọ̀ oníwàásù òde òní ṣe ronú lé e lọ.

Àwọn Yorùbá ìgbà náà tún gbà pé òrìṣà kankan kò lè gbe ènìyàn tí orí rẹ̀ kò bá yọ̀ǹda. Agbo ilé lè jẹ́ ti oníṢàngó, kí ọkọ máa bọ Ògún, kí ìyàwó máa bọ Ọya tó gbé wá láti ilé bàbá rẹ̀. Síbẹ̀, olúkúlùkù wọn ni yóò jí láàárọ̀, tí yóò fọwọ́ kan orí rẹ̀, tí yóò bá a sọ̀rọ̀ kó tó bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ sí Brazil, ojúbọ ìlú kò ṣeé kó sínú ọkọ̀, orí kò sì ṣeé fi sílẹ̀. Títí di òní ní Bahia, borí ni àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé ń pe ètùtù tí wọ́n fi ń bọ orí ènìyàn, wọ́n sì lè ṣe é fún ẹni tí kò tíì di ìyàwó òrìṣà.

Àwọn Onígbàgbọ́ náà ní ẹ̀rí tiwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ ìjọ òde òní kì í sábà rántí rẹ̀. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ìnfúlúẹ́ńsà ń pa ènìyàn rẹpẹtẹ, àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé, wọ́n ń gbàdúrà lọ́nà tí ìwé àdúrà Áńgílíkà kò là sílẹ̀. J. B. Sadare wà lára wọn; Sophia Ọ̀dúnlámì, olùkọ́ tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin, dara pọ̀ mọ́ wọn. Nígbà tó fi máa di 1922, àwọn àti ìjọ Áńgílíkà ti pínyà. Moses Orímọládé, ọmọ Ìkàrẹ́, kò lọ ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà kankan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì dá ṣáká, àmọ́ ó ń ti ìlú dé ìlú gbàdúrà fún ènìyàn kó tó dé Èkó ní 1924. Ní oṣù Kẹfà 1925 ni Abíọ́dún Akínsọ́wọ̀n, ọ̀dọ́mọbìnrin Èkó, bọ́ sínú ìran, tí wọ́n sì lọ pe Orímọládé wá gbàdúrà fún un. Ohun tí àwọn méjèèjì dá sílẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹgbẹ́ àdúrà ni, kì í ṣe ìjọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó di ìjọ Kérúbù àti Séráfù tó ní bíṣọ́ọ̀bù, tó ní òfin, tó ní ilé ńláńlá.

Ìyá tó ń sunkún pé ọmọ òun fi Séráfù sílẹ̀ lè jẹ́ ọmọ-ọmọ ẹni tí wọ́n sunkún lé lórí nítorí pé ó wọ Séráfù.

Kì í sì í ṣe ọ̀lẹ ló ń lé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ìjọ sílẹ̀ jáde. Ẹni tí wòlíì pe ìyá rẹ̀ ní àjẹ́ lójú ìjọ wà lára wọn. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé àìnígbàgbọ́ rẹ̀ ló pa ọmọ rẹ̀ wà lára wọn. Ẹni tó rí i pé wọ́n ń yẹ ìdámẹ́wàá wò kí wọ́n tó yẹ aláìsàn wò wà lára wọn. Nígbà tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ bá jáde tí wọ́n ṣì ń kúnlẹ̀ láàárọ̀, ìgbàgbọ́ tó lágbára ló ń gbé wọn kúnlẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó ń wò wọ́n mọ́.

Òfin ti mọ̀ wọ́n. Abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún olúkúlùkù ní òmìnira èrò, ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn, ó sì là á pé ènìyàn lè ṣe tirẹ̀ lóun nìkan tàbí pẹ̀lú àwọn mìíràn, ní gbangba tàbí ní ìkọ̀kọ̀. Ètò ìkànìyàn 1991 àti ti 2006 kò tilẹ̀ bi ẹnikẹ́ni ní ẹ̀sìn rẹ̀. Ní England àti Wales, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, wọ́n béèrè ní 2021: ìdá 37.2 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn kò ní ẹ̀sìn, àwọn tó pe ara wọn ní Kristẹni sì wálẹ̀ sí ìdá 46.2, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọn kò tó ìdajì. Àmọ́ ìdá 37.2 yẹn da ènìyàn oríṣiríṣi pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí láàárín Yorùbá. Tai Solarin ti Ìkẹ́nnẹ́, tó dá Mayflower School sílẹ̀ ní 1956 láìfi sábẹ́ ìjọ kankan, sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé òun kò gbà pé Ọlọ́run wà. Wọlé Ṣóyínká, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Áńgílíkà ní Aké, kò dúró sínú ìjọ, síbẹ̀ Ògún kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ àti nínú iṣẹ́ rẹ̀ láti bí ọgọ́ta ọdún. Ọ̀nà àwọn méjèèjì kò pa pọ̀. Bí àwùjọ bá fẹ́ bá ẹnì kan jiyàn, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹni náà gbà gbọ́.

Àwọn tó ń tako ìsìn àdáṣe ní ọ̀rọ̀ gidi kan lẹ́nu ṣá o. Wọ́n ní ẹni tó ń dá sìn lè máa tan ara rẹ̀ jẹ, kó sọ ìfẹ́ inú rẹ̀ di ohùn Ẹlẹ́dàá, kí ó má sì sí ẹni tí yóò bá a wí. Òótọ́ ni. Ó sì yẹ kí àwọn tó yan ọ̀nà yìí gbọ́ ọ dáadáa, nítorí àwọn kan nínú wọn rò pé kíkúrò nínú ìjọ ti tó.

Ifá ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí nínú Ògúndá Méjì, nínú ìtàn kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá kọ sílẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń bọ̀ wá sáyé, wọ́n fẹ́ lọ yan orí nílé Àjàlá amọ̀kòkò: Oríṣèékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Àwọn méjì kò yà sọ́dọ̀ bàbá wọn. Èyí tó wù wọ́n lójú ni wọ́n gbé, òjò pa orí náà lọ́nà, ó sì ń fọ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Afùwàpẹ́ yà. Wọ́n dífá fún un, ó rúbọ, ó sì gba iyọ̀ àti owó dání. Nígbà tó dé ilé Àjàlá, gbèsè ti lé amọ̀kòkò gun orí àjà. Afùwàpẹ́ bá a san án, Àjàlá fúnra rẹ̀ ló sì bá a yan orí tó gbó dáadáa. Orí tó jẹ́ ti ẹni jù lọ láyé yìí, ìmọ̀ràn àgbà àti oore tó ṣe fún ẹlòmíràn ni Afùwàpẹ́ fi rí èyí tó dára gbé.

Àwọn Mùsùlùmí tó ń tọ ọ̀nà Tijániyyà mọ irú ètò bẹ́ẹ̀. Ènìyàn lè dá jókòó ka wírìdì rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, àmọ́ ọ̀dọ̀ ẹni tó ní àṣẹ ni yóò ti kọ́kọ́ gbà á. Nítorí náà, ẹni tó ń dá sìn nílò àgbà kan tó lè sọ fún un lójú pé, "Ohun tí o ń ṣe yìí kò dára." Àgbà náà kò ní láti jẹ́ àlùfáà. Ìwà ni yóò sì fi wọ̀n ọ́n: bí àdúrà òwúrọ̀ bá ń gùn sí i tí ẹ̀rù olúwarẹ̀ sì túbọ̀ ń ba ìyàwó, ọmọ àti ọmọ ọ̀dọ̀, àdúrà náà kò dé ibì kankan.

Ìṣòro tó le jù lọ ni ti òkú. Ìjọ ń bẹ aláìsàn wò. Ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ń se oúnjẹ. Akọrin ń bọ̀. Àwọn àlùfáà ń dúró ti ẹbí lọ́jọ́ tí ojú ń pọ́n wọn. Kò sí ẹni tó lè fojú kéré èyí. Bí ẹni tí kò sí nínú ìjọ bá kú, ẹbí á máa sáré kiri láti lọ bẹ pásítọ̀ tí olóògbé kò mọ̀ rí, pásítọ̀ náà á sì dúró sídìí pósí, á máa yìn ín fún ìgbàgbọ́ tí kò ní. Ìtìjú ńlá ni ìyẹn, fún ìjọ àti fún òkú.

Ṣùgbọ́n kí ìjọ tó dé, ẹbí ló ń ṣe é. Àgbà ilé ló ń fi oyin, iyọ̀, obì àti orógbó sọ ọmọ lórúkọ. Ìdílé méjì ló ń ṣe ìdáná, kọ́ọ̀tù sì lè fi ìwé tì í lẹ́yìn. Ẹbí ló ni òkú. Gbogbo ohun tí ẹni tó ń dá sìn nílò ti wà nílẹ̀, bí òun náà bá ti ń ṣe ojúṣe rẹ̀ nínú ẹbí: kó bẹ aláìsàn wò, kó dá owó ìsìnkú ẹlòmíràn, kó má sì fi ìsìn àdáṣe ṣe àwáwí fún ahun. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, kó sì kà á sétí àwọn ọmọ àti àbúrò rẹ̀: ibi tí wọn yóò sin òun sí, ẹni tí yóò sọ̀rọ̀, àti bóyá kí wọ́n pe àlùfáà tàbí kí wọ́n má pè é. Ẹbí tó bá tẹ̀ lé ìwé náà kò rú òfin ìjọ kankan, nítorí olóògbé kò sí nínú ìkankan.