Ẹni Tó Mọ Aṣọ Ni Kó Jókòó Nídìí Kọ̀ǹpútà

  

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní ìpàdé wa la fẹ́ sọ. Ẹ̀yin tí ọjà ò jẹ́ kẹ́ ẹ wá, bó ṣe rí rèé. Ẹgbẹ́ fẹ́ kí àwọn tó ń ta aṣọ àti àwọn tó ń rán aṣọ láàárín wa ní Gbàgádà kọ́ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ya dísáìnì aṣọ àrànpọ̀. Bá a ṣe sọ ọ́ tán ni àwọn kan ní, "Ẹ jẹ́ ká rán àwọn ọmọ wa lọ. Kí ni ìyá àgbà fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe?" Àwọn míì bú sẹ́rìn-ín. Àwa ò rẹ́rìn-ín o. Èrò tiwa ni pé ẹni tó mọ aṣọ ló yẹ kó kọ́kọ́ jókòó níbẹ̀, ìbáà ṣe ẹni ogún ọdún, ìbáà ṣe ẹni àádọ́rin. Ẹ jẹ́ ká sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ mọ aṣọ àrànpọ̀ dáadáa. Òun ni aṣọ tí a fi àgékù ańkárá, àdìrẹ àti àwọn aṣọ míì rán pọ̀ ní ègé ègé, tó wá di aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì, báàgì, tìmùtìmù tàbí bùbá. Tí wọ́n bá tẹ́ òwú sí abẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi aṣọ míì gbè é nísàlẹ̀, tí wọ́n sì rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, òun ni àwọn òyìnbó ń pè ní kúìlìtì. Ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ gidi ni. Láti 1991 ni wọ́n ti ń ta ètò kọ̀ǹpútà kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Electric Quilt, torí irú aṣọ yìí nìkan ni wọ́n ṣe ṣe é. Ẹ̀dà rẹ̀ tó ń jẹ́ EQ8 jáde ní 2017. Owó ni wọ́n fi ń ra ìyẹn o. Àmọ́ èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ wà. Inkscape ti wà láti 2003, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, èèyàn sì lè fi ya ègé aṣọ, kó kùn ún ní àwọ̀ tó bá wù ú.

Kí ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún èèyàn? Ẹ ó ya ojú igun mẹ́rin sórí rẹ̀, ẹ ó pín in sí ègé ègé, ẹ ó fi àwọ̀ sí ègé kọ̀ọ̀kan. Tí pupa ò bá bá búlúù rẹ́, ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀ láì tíì fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ. Electric Quilt tiẹ̀ tún máa ń ṣírò iye yáàdì tí iṣẹ́ máa gbà.

Ṣé nǹkan àjèjì nìyẹn? Rárá o. Ẹ wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí àwọn ìyá wa ń ṣe l'Ábẹ́òkúta, n'Ìbàdàn àti l'Óṣogbo. Tí wọ́n bá fẹ́ ya Olókun tàbí Ìbàdàndùn, wọ́n á pín aṣọ sí ojú igun mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n á ti ìyẹ́ adìyẹ bọ ẹ̀kọ, wọ́n á sì ya nǹkan ọ̀tọ̀ sínú ojú kọ̀ọ̀kan. Nínú Ìbàdàndùn, àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó wà níbẹ̀ kedere. Inú orí ni wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Ẹ̀wù egúngún náà, tí ègé aṣọ jókòó léra wọn, àrànpọ̀ ni. Iṣẹ́ ilé wa ni kọ̀ǹpútà wá bá wa ṣe.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan, kẹ́ ẹ lè rí owó tó wà níbẹ̀. Ká ní kọ́sítọ́mà fẹ́ aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ ní ínṣì 60, tó gùn ní ínṣì 72. Ẹ pín in sí ojú igun mẹ́rin tó jẹ́ ínṣì 12 níbùú lóròó. Ojú 5 á wà níbùú, 6 á wà lóròó, àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ 30. Ẹ wá fi ègé 9 ṣe ojú kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta. Ègé 270 nìyẹn. Tí a bá rán an tán, ègé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ínṣì 4.

Ṣé ínṣì 4 la máa wá gé? Ká má rí i! Ìránṣọ máa jẹ kọ́tà ínṣì lápá ọ̀tún, á jẹ kọ́tà lápá òsì, bẹ́ẹ̀ náà lókè àti nísàlẹ̀. Ínṣì 4 àbọ̀ la máa gé. Ẹni tó bá gé ínṣì 4 géérégé, ègé rẹ̀ á di 3 àbọ̀, ojú kan á di 10 àbọ̀, odidi aṣọ á wá di ínṣì 52 àbọ̀ níbùú, 63 lóròó. Ó ti fi ínṣì 7 àbọ̀ kéré níbùú, ó fi 9 kúrú lóròó. Kọ́sítọ́mà wo ló máa gba ìyẹn? Owó aṣọ, owó òwú, owó epo jẹnẹrétọ̀, gbogbo rẹ̀ ti wọmi.

Tí ẹ bá gé e bó ṣe yẹ, ańkárá tó fẹ̀ tó ínṣì 45 á gba ègé 9 níbùú, á sì ṣẹ́ díẹ̀ kù fún etí aṣọ. Ègé 270 á jẹ́ ìlà 30. Ìlà 30 ní ínṣì 4 àbọ̀ jẹ́ ínṣì 135, èyí tí kò pé yáàdì 4. Ẹni tó mọ èyí ò ní lọ ra yáàdì 6 fún iṣẹ́ tí 4 tó. Kíákíá ni kọ̀ǹpútà á ṣírò rẹ̀ o, àmọ́ ohun tẹ́ ẹ bá sọ fún un nìkan ló máa ṣírò. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ìránṣọ ń jẹ aṣọ ò ní rántí bi í.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kọ̀ǹpútà ò mọ aṣọ. Kò mọ̀ pé ańkárá tó ní ẹyẹ lára ní orí, ó ní ìdí. Ẹni tó bá to ègé rẹ̀ bó ṣe wù ú, ìdajì ẹyẹ á dorí kodò. Kò mọ̀ pé aró àdìrẹ tuntun lè ṣí nínú omi, kó sì ba ègé funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́. Kò mọ̀ pé aṣọ òkè nípọn ju ańkárá lọ, pé tí a bá rán méjèèjì pọ̀ láìṣètò, ojú rán á wú. Kò mọ̀ pé aṣọ kan máa ń súnkì, pé ó yẹ ká kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ọmọ tó yára lórí bọ́tìnì lè má mọ ọ̀kan nínú èyí. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, torí ọwọ́ yín ló ti ń fi pa aṣọ láti ọdún gbọọrọ.

Ìdí kejì tóbi ju ti ínṣì lọ. Ta ni dísáìnì wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ wo ańkárá tá à ń pè ní Họ́láńdì. Àwọn ará Jáfà ní Indonéṣíà ló ń fi ìda ya irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Àwọn òyìnbó Họ́láńdì fi ẹ̀rọ ṣe àfarawé rẹ̀, wọ́n gbé e wá sí ilẹ̀ wa. Ilé iṣẹ́ Vlisco, tó bẹ̀rẹ̀ ní Helmond ní 1846, ṣì ń tẹ̀ ẹ́ títí di òní. Ní Lomé, olú ìlú Tógò, àwọn ìyá ọlọ́jà bíi tiwa ló ń gbà á tà. Wọ́n mọ àwọ̀ tí ọjà fẹ́, wọ́n ń sọ aṣọ lórúkọ, àwọn kan lára wọn ló sì ní ẹ̀tọ́ láti ta dísáìnì kan tí ẹlòmíràn ò gbọ́dọ̀ tà. Wọ́n lówó débi pé Mercedes-Benz ni wọ́n ń gùn, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè wọ́n ní Nana Benz. Ẹ wá wò ó, orúkọ aṣọ wà lẹ́nu wọn, àmọ́ Helmond ni àwòrán rẹ̀ wà. Ní oṣù kìíní 1994 ni wọ́n dín iye owó CFA kù sí ìdajì, aṣọ gbówó lórí. Lẹ́yìn náà ni àfarawé olówó pọ́ọ́kú láti Ṣáínà kún ọjà. Orí wọn ló kọ́kọ́ wó lé.

Ẹ má wulẹ̀ lọ jìnnà. Àdìrẹ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè ń bá ti àwọn ìyá Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta du ọjà. Ẹni tó fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán yẹn ò bọ ọwọ́ sínú aró rí. Tí a bá ń fi ọ̀nà tí a gbà mọ àwọ̀ àti bí a ṣe ń tò ó sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti yà, a ó kàn máa gbà á tà ni. Ọjọ́ tí olówó bá pààrọ̀ ẹni tó ń kó ọjà fún, a ti parí nìyẹn. Ẹ̀wẹ̀, àwa náà ò gbọ́dọ̀ ya dísáìnì onídìísáìnì kalẹ̀ ká pè é ní tiwa. Ohun tí a ò fẹ́ kí wọ́n ṣe sí wa, ká má ṣe é sí ẹnìkejì.

A mọ àtakò yín. Ẹ ní iná ò sí. Òótọ́ ni, epo sì ti wọ́n gan-an látìgbà tí ìrànwọ́ orí rẹ̀ ti lọ ní oṣù karùn-ún 2023. Ìdí nìyẹn tí a fi ní ká fi ìwé bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìṣirò àwọn ọmọ, tó ní ìlà níbùú lóròó, ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ kun ojú kan ṣoṣo sórí rẹ̀, ègé mẹ́sàn-án péré. Tí ẹ bá dé ìdí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ti parí lórí ìwé, ẹ kàn fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ ni. Ẹ ní ojú ò ríran. Ẹ mú awò yín dání, lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà sì ṣeé sọ di ńlá. Ẹ ní Gẹ̀ẹ́sì ò yé yín. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa kọ́kọ́ nílò ò pọ̀: bí a ṣe ń ṣí i, bí a ṣe ń fi pamọ́, bí a ṣe ń yí àṣìṣe padà. Ti ìkẹyìn yẹn dára púpọ̀. Ẹ tẹ Ctrl àti Z pọ̀, ohun tẹ́ ẹ bàjẹ́ á padà sí bó ṣe wà. Ṣé sísọ́ọ̀sì ní irú ẹ̀?

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀pọ̀ bọ́tìnì dẹ́rù bà yín. Ẹni tó ń kọ́ ìránṣọ ò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbádá, etí aṣọ ló kọ́kọ́ ń ká. Ojú kan, ègé mẹ́sàn-án, àwọ̀ méjì. Tí ìyẹn bá ti dúró, ẹ tún un ṣe ní àwọ̀ mìíràn. Ẹ má sì sáré san owó ńlá fún sàtífíkéètì. Kọ́sítọ́mà ò ní bi yín léèrè sàtífíkéètì, aṣọ ló máa wò.

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ kí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí ní ìpàdé tó ń bọ̀ rèé. Kí á máa jókòó ní méjì méjì, ìyá tó mọ aṣọ pẹ̀lú ọmọ tó mọ bọ́tìnì, kí máòsì sì wà lọ́wọ́ ìyá. Kí ẹni tó máa kọ́ wa fi Yorùbá kọ́ wa. Kí dísáìnì tí ẹnikẹ́ni bá yà wà ní ìpamọ́ lórúkọ ẹni náà, kó má di ti olùkọ́, kó má di ti ẹgbẹ́. Ẹni tó bá rán ọmọ nìkan wá, àwa ò ní lé ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé ọmọ lè relé ọkọ, ó lè ríṣẹ́ sí Ìkẹjà, kó sì gbé ìmọ̀ náà lọ. Èyí tó bá wà lórí yín, yín ló ń bá ṣòwò.

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Ẹ wá kọ orúkọ, kẹ́ ẹ sì mú àgékù aṣọ dání. Ọjà á tà o, a ò ní tà á ládànù.