Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Ń Retí Ìrẹsì Ẹnubodè

Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, láti Ṣágámù dé Ìkẹ́nnẹ́, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá wí, kí n tó yíjú sí Àbújá. Ọmọ yín wọṣẹ́ kọ́sítọ̀ọ̀mù tàbí imigiréṣọ̀n, ẹ pa màlúù, ẹ gba onílù. Ṣé torí pé ó fẹ́ sin ìlú ni? Irọ́ ni. Ìrẹsì fàyàwọ́ lẹ ń wò. Mo mọ bàbá tó ta ilẹ̀ lọ́nà Ògíjó kó lè bá ọmọ rẹ̀ ra àyè iṣẹ́ aláṣọ ìjọba. Ọmọ tí wọ́n fowó ilẹ̀ rà síṣẹ́, níbo lẹ fẹ́ kó ti rí owó náà dá padà? Nínú owó oṣù ni?

Ọmọ àbúrò mi kan ń ṣiṣẹ́ ní ààlà. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, owó ara rẹ̀ ló fi rà á. Bárékè ò kárí wọn, yàrá kan ló háyà nítòsí ẹnubodè. Ìyàwó àtàwọn ọmọ wà ní Mákún, ní Ṣágámù níbí. Bí wọ́n bá ní Sókótó ló kàn lónìí, àfi kó palẹ̀ mọ́. Lóru ọjọ́ kan, àwọn onífàyàwọ́ sọ òkò lu ọkọ̀ wọn, gíláàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ọ lójú. Nígbà tí mo pè é, ó ní ẹni àkọ́kọ́ tó pe òun nínú ẹbí láàárọ̀ ọjọ́ náà, àpò ìrẹsì ọdún ló ń tọrọ. Ojú tì mí. Ó yẹ kó ti ẹ̀yin náà.

Ẹ̀yin ìjọba, ẹ̀bi yín ló tóbi jù. Ẹ gba 1,000 náírà lọ́wọ́ ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n lé ní 500,000, fún iṣẹ́ imigiréṣọ̀n tí àyè rẹ̀ ò pé 5,000. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2014, ẹ rọ́ wọn sínú àwọn pápá ìṣeré fún ìdánwò iṣẹ́ náà. Ní Àbújá, Pọ́táàkọ̀tù, Mínà àti Bìní, ó kéré tán, èèyàn 15 ló kú sínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Ààrẹ ìgbà náà, Jonathan, wá ní kí wọ́n gba ẹni mẹ́ta-mẹ́ta síṣẹ́ nínú ẹbí òkú kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀mí èèyàn wá di fọ́ọ̀mù.

Àwọn tó ráyè wọlé ńkọ́? Lọ́dún 2024 tẹ́ ẹ sọ owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà, àpò ìrẹsì kan ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jà. Àwọn sójà ti jáde kúrò nínú ètò owó ìfẹ̀yìntì alájọdá láti 2011. Lọ́dún 2025, ọlọ́pàá, kọ́sítọ̀ọ̀mù àti imigiréṣọ̀n ṣì wà níbẹ̀. Oṣù Keje 2025, àwọn ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, àgbàlagbà bíi tèmi, jáde sójú títì ní Àbújá, wọ́n ń pariwo pé ohun tí wọ́n ń gbà ò tó jẹun. Ẹni tó dúró lẹ́nubodè rí wọn. Ó mọ̀ pé ọ̀nà tí òun náà ń lọ nìyẹn.

Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyí: ìjọba gbà pé rìbá ń bẹ lọ́nà, kò wá kánjú tún owó oṣù ṣe. Ẹbí gbà pé rìbá ń bẹ lọ́nà, wọn ò wá bi ọmọ wọn bóyá owó oṣù tó o jẹun. Gbogbo wa ti fi rìbá ṣe owó oṣù rẹ̀. Ẹni tí kò bá wá gbà á, òun ni ìyà ń jẹ jù: ìjọba ò san tó, ẹbí ń pè é ní ahun. Ìyà tó ń jẹ ọmọ àbúrò mi nìyẹn. Ẹ̀yin sì mọ̀ pé ẹni gbépo lájà ò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Ìwọ òṣìṣẹ́ tó ń ja ìyá oníṣòwò lólè ní ẹnubodè, má fi ebi ṣe àwíjàre fún mi. Ìyá yẹn náà, ebi ń pa á.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ń kóra jọ lọ sílé àwọn aṣòfin wa, ẹ ó mú orúkọ ọmọ lọ́wọ́, ẹ ó máa bẹ̀bẹ̀ fún àyè iṣẹ́. Nígbà míì tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ fi orúkọ sílẹ̀ nílé. Ẹ béèrè bárékè fún àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ béèrè bàtà àti aṣọ wọn, ẹ béèrè ìgbà tí ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì wọn máa yanjú. Bí wọ́n bá ní àwọn á wò ó, ẹ má dìde. Ẹ ní kí wọ́n dá ọjọ́.