Èéfín Kì Í Ṣe Ọyẹ́: Vai Town àti Iṣẹ́ Olùkọ́ Èdè

Ní ẹsẹ̀ afárá tí ó so ọjà Waterside pọ̀ mọ́ erékùṣù Bushrod ní Monrovia, olú-ìlú Làìbéríà, ni àdúgbò tí à ń pè ní Vai Town wà. Odò Mesurado ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣàn lọ sínú òkun. Ẹ̀yà Vai ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ẹ̀yà tí Momolu Duwalu Bukele ti jáde wá. Ní nǹkan bí ọdún 1833 ni ọkùnrin yìí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ètò ìkọ̀wé fún èdè wọn, tí àmì kọ̀ọ̀kan dúró fún sílébù kan. Sylvia Scribner àti Michael Cole, tí wọ́n tẹ èsì ìwádìí wọn lórí àwọn Vai jáde ní 1981, rí i pé ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, àti pé lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ owó wà lára ohun tí wọ́n ń fi í kọ. Ní 2008 ó wọ inú ètò Unicode tí kọ̀ǹpútà ń lò. Síbẹ̀, nínú kíláàsì, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ Vai fi ń gbọ́ nípa afẹ́fẹ́ tí ó ń mí símú.

Afẹ́fẹ́ náà kò sì mọ́. Èédú ni ọ̀pọ̀ ilé ní Monrovia fi ń dáná. Ogun abẹ́lé ba ibùdó iná mànàmáná Mount Coffee jẹ́ ní 1990, kò sì tún ṣiṣẹ́ títí di oṣù kejìlá 2016. Jẹnẹrétọ̀ ni ẹni tí ó bá lágbára fi dí àlàfo náà. Kí a fi pàǹtírí tí à ń sun àti ọkọ̀ àlòkù tí ń tú èéfín kún un.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọyẹ́ á tún dé. Kì í pẹ́ ní Làìbéríà tó bí ó ti ń pẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni ó ń gbà wá: afẹ́fẹ́ a máa gbé eruku láti Sàhárà, pàápàá láti kòtò Bodélé ní Chad, tí ó jẹ́ ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan nígbà ìwáṣẹ̀. Lásìkò yìí, ilẹ̀ a máa tètè tutù lóru. Afẹ́fẹ́ tútù a wà nísàlẹ̀, èyí tí ó móoru a bò ó bí ọmọrí ìkòkò, èéfín ìlú kò sì ní rí ọ̀nà gòkè. Bí ilẹ̀ bá mọ́, gbogbo rẹ̀ a papọ̀ di nǹkan funfun kan tí ó bo ojú ọ̀run.

Kí ni Yorùbá ń pe nǹkan funfun náà? Ọyẹ́ ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ti olùkọ́ èdè nìyí. Ọyẹ́ ni orúkọ afẹ́fẹ́ náà, òun ni orúkọ òtútù rẹ̀, òun ni à ń pe gbígbẹ tí ètè ń gbẹ, òun náà sì ni kùrukùru tí kì í jẹ́ kí a rí òkèèrè. Ọ̀rọ̀ tí ó gbòòrò ni, kò sì ní àbùkù nígbà ayé àwọn baba ńlá wa. Lónìí, ó ti di aṣọ tí èéfín fi ń bora. Ọmọ ń wúkọ́ ní oṣù kìíní, wọ́n á ní ọyẹ́ ni. Ojú ń ta á, ọyẹ́ náà ni. Ọyẹ́ kò ṣeé bá wí, nítorí pé kò sí ẹni tí ó dá a. Èéfín ní ẹni tí ó dá a. Ní Port Harcourt, láti ìparí 2016, nígbà tí èérí dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ sórí aṣọ tí a sá, àwọ̀ rẹ̀ ni ó jẹ́ kí ará ìlú mọ̀ pé kì í ṣe ọyẹ́, tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí ó ti ń wá, títí kan àwọn tí ń fọ epo rọ̀bì láìgbàṣẹ. Ohun tí ó funfun kì í ṣe ẹni lóore bẹ́ẹ̀.

Hóró tí ó léwu jù kò tilẹ̀ ṣeé fojú rí. Èyí tí àwọn onímọ̀ ń wọ̀n kò fẹ̀ ju máíkírómítà 2.5 lọ, irun orí kan tó nǹkan bí 70. Òun ni ó ń dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, tí ó sì lè ti ibẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé fa ìwọ̀n tí ó yẹ kí ó wà nínú afẹ́fẹ́ lọ́dún wálẹ̀ láti máíkírógíráàmù 10 sí 5 nínú mítà kúbíìkì kan. Eruku ọyẹ́ pàápàá wà nínú ìṣirò yìí, kò ṣàìléwu. Ṣùgbọ́n a kò lè dá Sàhárà dúró, a sì lè yí àdògán padà.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó ń ṣini lọ́nà ni “àyípadà ojú ọjọ́”, tí rédíò ti sọ di ọ̀rọ̀ ẹnu. Létí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ojú ọjọ́ ti ń yí padà láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé: òjò láàárọ̀, oòrùn lọ́sàn-án. Kí ni tuntun níbẹ̀? Ọgbọ̀n ọdún ni àwọn onímọ̀ sábà fi ń ṣírò bí ojú ọjọ́ ibì kan ṣe máa ń rí. Monrovia ń gba òjò tí ó ju mìlímítà 4,000 lọ lọ́dún. Ìbàdàn kì í sábà rí ìdajì rẹ̀. Bí òjò kò bá rọ̀ ní Vai Town fún ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù keje, ìṣesí ojú ọjọ́ nìyẹn. Bí òjò oṣù keje bá yàtọ̀ láti ìran kan sí èkejì, ìwà rẹ̀ ni ó yí padà. Yorùbá mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìṣesí àti ìwà. “Àyípadà ìwà ojú ọjọ́” yóò ṣe iṣẹ́ tí èyí tí à ń lò kò lè ṣe. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn jù, kí ó gbé e wá sí ìpàdé Ẹgbẹ́ Akọ́mọlédè.

Gẹ̀ẹ́sì fi ilé gíláàsì tí wọ́n ń gbin nǹkan sí ṣàpèjúwe bí ooru ṣe ń há mọ́ ayé. Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó ti rí irú ilé bẹ́ẹ̀? Aṣọ ìbora tí ń nípọn sí i ni gbogbo wọn mọ̀. Kí olùkọ́ sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára èéfín: òjò àkọ́rọ̀ lè fọ èéfín kúrò lójú ọ̀run, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú kábọ́nì dáyọ́ksáìdì tí ó bá a jáde, tí kò láwọ̀, tí kò lóòórùn, lè wà lókè fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Ìṣọ́ra ṣe pàtàkì níhìn-ín. Ní West Point, ní òdìkejì ẹnu odò sí Vai Town, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ. Gíga tí òkun ń ga sí i wà lára ohun tí ó fà á, yanrìn tí wọ́n ń wà létí òkun wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Olùkọ́ tí ó bá di gbogbo ẹ̀bi ru àyípadà ojú ọjọ́ kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó pe èéfín ní ọyẹ́.

Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni èyí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ ní 1970, nígbà tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú ìṣirò. Ìlànà Èdè ti 2022, tí ó fi èdè abínibí ṣe èdè ìkọ́ni ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, ni Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde ní oṣù kọkànlá 2025 pé wọ́n ti fagi lé. Ìpinnu tí kò dára ni. Ohun tí ó kù ni Yorùbá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàrin iṣẹ́ yòókù: àyọkà, àròkọ, ògbufọ̀. Bí afẹ́fẹ́ kò bá gba ibẹ̀ wọlé, kò ní ẹnu ọ̀nà mìíràn. Èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Iṣẹ́ ti afẹ́fẹ́ ṣì wà nílẹ̀.

Ìjàpá ti rìn tó nínú àyọkà, ó lè sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan. Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa wo ojú ọ̀run láàárọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀: ìrì ni, tàbí ìkúukùu, eruku ni tàbí èéfín, kí ni ó ń rùn, kí ni wọ́n ń sun nítòsí? Kí wọ́n béèrè orúkọ tí ẹ̀ka-èdè ìlú wọn ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá àgbà. Oṣù kejìlá ni ọyẹ́ sábà ń wọlé. Ó yẹ kí àyọkà náà ti wà lórí tábìlì olùkọ́ ní oṣù kọkànlá.