Ìṣirò Ni Yóò Gba Tòmátì Wa Lọ́wọ́ Ìjẹrà



Ẹni tí ó bá dé ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn ní àkókò tòmátì yóò rí omi pupa tí ń kán láti inú apẹ̀rẹ̀. Òógùn àgbẹ̀ ni omi náà. Àwọn kan ní ọ̀nà tí kò dára ni ó fà á. Àwa pàápàá kò ní yé pariwo ọ̀nà sí ìjọba létí. Ṣùgbọ́n àdánù kan wà tí ń bá wa kí ọkọ̀ tó dé ọ̀nà ọlọ́dà rárá, ìṣirò sì ni àtúnṣe rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọkọ̀ akẹ́rù kan fẹ́ kó ẹrù ní abúlé méjì ní Òkè-Ògùn. Ó kó apẹ̀rẹ̀ tòmátì 50 ní abúlé kìíní ní àárọ̀, ó wá lọ dúró fún wákàtí 3 ní abúlé kejì títí wọ́n fi di iṣu kún un. 50 lọ́nà 3 jẹ́ 150: bí ẹni pé apẹ̀rẹ̀ kan jókòó sínú ooru fún wákàtí 150 lásán ni. Bí ó bá ṣe pé iṣu ni wọ́n kọ́kọ́ dì, iṣu kò ní bínú, òun ni yóò sì wà nísàlẹ̀ bí ó ti yẹ. Bí èyí bá mú kí ìrìn ọkọ̀ gùn sí i, kí a fi owó epo wé owó tòmátì tí ìbá bàjẹ́, kí a sì mú èyí tí ó kéré.

Ti abúlé méjì rọrùn. Bí abúlé bá di 5, ọ̀nà 120 ni a lè gbà tò wọ́n. Bí ó bá di 10, ó di 3,628,800. Awakọ̀ wo ni yóò fi orí rò ó? Kọ̀ǹpútà lè rò ó. Ní ọdún 1959 ni Dantzig àti Ramser, ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí irú ọ̀ràn yìí, nípa ọkọ̀ tí ń pín epo bẹntiróòlù kiri ilé epo. Bẹntiróòlù kì í rà. Tiwa ń rà, nítorí náà a gbọ́dọ̀ ka wákàtí mọ́ kìlómítà.

Àwọn ọmọ wa kan tí wọ́n gba oyè nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò ṣì ń wá iṣẹ́ kiri. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan gba ó kéré tán ẹnì kan nínú wọn sí ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n oníṣirò kò lè ṣe é lọ́wọ́ òfo. Láti ìkórè tí ń bọ̀, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan máa kọ iye apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, àti wákàtí tí wọ́n dì í, wákàtí tí ó dé ọjà, àti iye tí ó ti rà. Àwa fúnra wa ni yóò gbé ìwé náà lọ síwájú ìjọba.