Ẹ Má Fi Ìṣirò Rẹ́ Mẹ̀kúnnù Jẹ

Àwọn kan lára àwọn aṣòfin tó ṣe òfin owó orí tuntun ni wọ́n figbe ta lóṣù Kejìlá ọdún 2025 pé ohun tó wà nínú ìwé ìkéde ìjọba yàtọ̀ sí èyí táwọn fọwọ́ sí. Síbẹ̀, ìjọba ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026 tí òfin náà máa bẹ̀rẹ̀ kò yẹ̀. Bó bá rú ẹni tó ṣòfin lójú, kí la fẹ́ kí awakọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń gba ₦100,000 lóṣù, tí kò kàwé kọjá pámárì, rí dì mú níbẹ̀?

Òfin náà ní ibi tó dáa. ₦800,000 àkọ́kọ́ téèyàn bá pa lọ́dún kò ní owó orí nínú mọ́. Ó tán.

Ti owó ilé ló ń bí wa nínú. Ìdẹ̀ra owó orí àtijọ́, agbanisíṣẹ́ ló ń ṣírò rẹ̀ látinú owó oṣù. Òṣìṣẹ́ kì í béèrè. Wọ́n ti fagi lé e. Ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ iye tó san gan-an sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ onílé kì í já rìsíìtì. Ká ní ₦300,000 ni awakọ̀ yìí ń san lọ́dún. Bó bá mọ̀ ọ́n béèrè, tá a bá fi ti owó ìfẹ̀yìntì sílẹ̀, ₦51,000 ni owó orí rẹ̀. Bí kò bá mọ̀, ₦60,000. Wọ́n gba ₦9,000 lọ́wọ́ rẹ̀ torí pé kò mọ ìṣirò! Ọ̀gá rẹ̀ tó ń gba ₦20,000,000 lọ́dún, tó sì ń san ₦2,500,000 fún ilé ńkọ́? Akáǹtáǹtì á bá a ṣe é, ₦105,000 á sì kù sí i lápò. Ìmọ̀ tí owó rà ni wọ́n ń san èrè fún yìí, àìmọ̀ tálákà ni wọ́n sì ń bu owó orí lé.

Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń bẹ̀rù àfikún owó oṣù, pé bí owó tí wọ́n ń pa lọ́dún bá fi náírà kan kọjá ₦3,000,000, wọn yóò gba ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún lórí gbogbo rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó lé nìkan ni. Ṣùgbọ́n ta ló là á yé wọn? Gẹ̀ẹ́sì lọ́yà ni wọ́n fi kọ òfin ọ̀hún.

Kí àwọn ọ́fíìsì owó orí ìpínlẹ̀ máa bá òṣìṣẹ́ ṣírò ìdẹ̀ra yìí fúnra wọn, kí wọ́n sì là á yé wa ní Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò, kí ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹta ọdún 2027 tí kálukú máa jíyìn owó tó pa lọ́dún 2026 tó pé.