Nọ́ńbà Mọ̀nà, Orúkọ Mọ Ìtàn: Èrò Kan lórí Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Ẹkùn Limburg

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ibì kan bá wà ní ayé òde òní tí òwe yìí ti di ohun tí ojú ń rí, ẹkùn Limburg ni, ní apá àríwá-ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù. Kì í ṣe pé àwọn ará ibẹ̀ gbọ́ òwe Yorùbá o. Ohun tí wọ́n ṣe ni ó bá a mu. Igbó igi páìnì àti adágún pọ̀ ní ẹkùn náà, ilẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́jú ní ọ̀pọ̀ ibi, èyí tí ó mú kí ó rọrùn fún tọmọdé tàgbà láti gun kẹ̀kẹ́ ológeere. Ọ̀nà tí wọ́n ti sàmì sí fún kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ tó nǹkan bí 2,000 kìlómítà.

Ní ọdún 1995 ni ètò tí ó sọ Limburg di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láàrin àwọn agunkẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, bí wọ́n bá fẹ́ la ọ̀nà ìgbafẹ́ fún kẹ̀kẹ́, wọn a mú ìbẹ̀rẹ̀, wọn a mú òpin, wọn a fún ọ̀nà náà ní orúkọ, wọn a sì to pátákó sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí ó bá ti bọ́ sí i, ó di dandan kí ó tẹ̀lé e. Bí ó rẹ̀ ẹ́ ní àárín ọ̀nà, tàbí bí òjò ṣú, kò sí ẹni tí yóò fi ibi tí ó lè yà sí hàn án. Hugo Bollen, onímọ̀-ẹ̀rọ kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ibi ìwakùsà èédú, ni ó mú àbá mìíràn wá: kàkà kí wọ́n máa fún ọ̀nà ní orúkọ, kí wọ́n fún oríta ní nọ́ńbà. Ní oríta kọ̀ọ̀kan, pátákó kan yóò sọ nọ́ńbà ibi tí ènìyàn wà, ọfà yóò sì tọ́ka sí nọ́ńbà àwọn oríta tí ó kàn. Ẹni tí ó fẹ́ jáde yóò wo àwòrán ilẹ̀, yóò kọ nọ́ńbà márùn-ún tàbí mẹ́wàá sórí ìwé pélébé, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó di ojú ọ̀nà. Bí ó bá yí èrò padà ní oríta kẹta, ọ̀nà mìíràn wà níwájú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ni kò ní ṣàìrí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin kí wọ́n fa ènìyàn lọ́wọ́ títí dé òpin àti kí wọ́n fún un ní ohun tí yóò fi yan ọ̀nà fúnra rẹ̀.

Abẹ́ ilẹ̀ ni ọgbọ́n yìí ti wá. Nínú ihò ìwakùsà, kò sí oòrùn, kò sí igi ńlá tí ènìyàn lè fi ṣe àmì. Nọ́ńbà oríta ni awakùsà fi ń mọ ibi tí ó wà. Wọ́n kó ọgbọ́n ibi òkùnkùn wá sí ojútáyé, ó sì ràn kálẹ̀. Àwọn ẹkùn yòókù ní Flanders gbà á, àwọn ará Nẹ́dálándì gbà á, ó sì dé àwọn apá kan ní Jámánì pẹ̀lú.

Ìdí mìíràn wà tí ó fi yẹ kí àwọn olùkọ́ èdè gbóríyìn fún un. Èdè mẹ́ta ni òfin mọ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù: Dutch, Faransé àti Jámánì. Ìjà èdè kò sì jẹ́ tuntun níbẹ̀. Ní ọdún 1963 ni wọ́n yọ àwọn abúlé Voeren kúrò lábẹ́ ẹkùn Liège tí ó ń sọ Faransé, tí wọ́n sì fi wọ́n sábẹ́ Limburg tí ó ń sọ Dutch. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn tí inú ń bí a máa fi ọ̀dà pa orúkọ ìlú tí a kọ ní èdè kejì rẹ́ lára pátákó ojú pópó. Nọ́ńbà kò ní irú ọ̀tá bẹ́ẹ̀. Bí 45 ṣe jẹ́ 45 lójú ẹni tí ó ń sọ Dutch, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lójú ẹni tí ó ń sọ Faransé, àti lójú ọmọ-ọmọ awakùsà tí bàbá rẹ̀ àgbà ti Ítálì, Tọ́kì tàbí Mòrókò wá.

Ṣùgbọ́n ohun tí kò ní èdè kò lè pìtàn. Ibi tí ètò yìí kù sí nìyẹn, kì í sì í ṣe ohun kékeré. Agunkẹ̀kẹ́ lè fi òwúrọ̀ kan gba àárín igbó àti etí adágún kọjá láti nọ́ńbà dé nọ́ńbà, kí ó padà sílé kí ó sì máa yin Ọlọ́run fún ẹwà tí Ó dá sí ibẹ̀. Ọlọ́run tó ìyìn; ọwọ́ ènìyàn sì wà níbẹ̀ púpọ̀. Wo agbègbè tí wọ́n ń pè ní De Wijers, tí adágún rẹ̀ lé ní 1,000. Púpọ̀ nínú àwọn adágún wọ̀nyí ni àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ tàbí tí wọ́n dí omi wọn láti sin ẹja. “Wijer” gan-an ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń pe adágún ẹja ní ẹ̀ka-èdè wọn. Lónìí, ibi ààbò ni fún ẹyẹ etí omi àti fún ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan tí ń gun igi. Bí kò bá sí àwọn asinja ìgbà náà, àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí ìbá wá ilé mìíràn lọ.

Igbó náà kò yàtọ̀. Ilẹ̀ iyanrìn tí koríko líle bò ni púpọ̀ nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1901 ni wọ́n rí èédú ní abúlé As. Ibi ìwakùsà di méje, ihò abẹ́ ilẹ̀ sì ń fẹ́ igi tí yóò gbé òrùlé rẹ̀ ró. Igi páìnì ni wọ́n gbìn lọ súà, nítorí pé ó dúró ṣánṣán, ó sì ń dàgbà lórí ilẹ̀ tí kò lọ́ràá. Àwọn awakùsà tún ní ìdí tiwọn tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀: igi páìnì a máa ké kí ó tó dá. Bí ẹrù ilẹ̀ bá ti pọ̀ jù, igi yóò kọ́kọ́ dún lókè orí wọn, ẹni tí etí rẹ̀ là yóò sì sá àsálà. Ta ni nínú àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá lábẹ́ òjìji igi wọ̀nyẹn ni ó mọ̀ pé irú igi tí wọ́n ń gbìn láti gba ẹ̀mí là ni? Ní ọdún 1966, nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ibi ìwakùsà Zwartberg pa, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, awakùsà méjì sì kú. Zolder ni ó kẹ́yìn, wọ́n tì í ní 1992. Ọdún mẹ́ta péré ni ó wà láàrin ìyẹn àti pátákó nọ́ńbà àkọ́kọ́.

Dípò kí wọ́n tún èyí ṣe, ohun àrà ni ọkàn àwọn aláṣẹ ń fà sí. Ní 2016, wọ́n la ọ̀nà kọnkéré gba inú adágún kan kọjá ní Bokrijk, ó gùn ní mítà 212, ó sì fẹ̀ ní mítà mẹ́ta. Omi wà ní ọ̀tún àti ní òsì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ojú agunkẹ̀kẹ́ dọ́gba. Ní 2019, wọ́n ṣe òmíràn ní Hechtel-Eksel, èyí tí ó ń yípo gòkè láàrin orí igi títí tí ó fi ga ní mítà mẹ́wàá. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó dára ni, ìlara kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tí ó wà á dé etí adágún, tí ó gun mítà 212 lọ, tí ó gun un bọ̀, tí ó ya fọ́tò, tí ó sì padà sílé, kò tíì rìn ní Limburg. Àwọn 2,000 kìlómítà yòókù ń dúró dè é.

Ẹnìkan lè sọ pé orúkọ wà lórí àwòrán ilẹ̀, ó sì tún wà lórí fóònù. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni ojú ń wá. Òmíràn lè ní ìgbafẹ́ ni ènìyàn bá jáde, kí wọ́n má fi ìtàn sú u. Èyí pẹ̀lú ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Pátákó tí ọ̀rọ̀ kún bámúbámú kò wu ẹni tí ń làágùn láti kà. (Àwọn tí ó bá fẹ́ fi pátákó yìí wé àrokò ní láti ṣọ́ra: ẹni tí a mọ̀ ni à ń pàrokò ránṣẹ́ sí, ọ̀rọ̀ sì wà nínú rẹ̀ fún un. Nọ́ńbà oríta kò mọ ẹni tí ń bọ̀, kò sì ní iṣẹ́ kankan láti jẹ́ fún un ju “ibí nìyí” lọ.) Ohun tí ó yẹ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ lábẹ́ nọ́ńbà: orúkọ ibẹ̀, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń pè é. Orúkọ a máa mú ènìyàn béèrè, abèèrè kì í sì í ṣìnà.

Ní Voeren, ó ṣeé ṣe kí ọ̀dà tún jáde. Nítorí náà, kí wọ́n fi nọ́ńbà nìkan sílẹ̀ níbẹ̀ ná, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò sí ìjà: láti etí àwọn wijer, àti láti ẹnu ọ̀nà àwọn ibi ìwakùsà méjèèje. Èdè yòówù kí ènìyàn máa sọ ní Bẹ́ljíọ̀mù, Zwartberg ni Zwartberg ń jẹ́.